Ibùdó Ìdìbò Tí A Gbé Kúrò Lórí Ọ̀sà

Ọpẹ́ ló yẹ kó ṣáájú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run Ọba Aláàánú tó dá ilẹ̀, tó dá omi, tó sì jẹ́ kí n rìn lórí méjèèjì títí mo fi fẹ̀yìn tì. Púpọ̀ nínú àwọn tí a jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ti wà nínú ilẹ̀. Èmi ṣì ń fi ẹsẹ̀ ara mi rìn lọ sí mọ́ṣáláṣí, mo sì tún ń rí ìwé kà bí oòrùn bá mọ́lẹ̀ dáadáa. Kì í ṣe agbára mi. Alhamdulillāhi.

Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa ní Ẹ̀pẹ́ ló ní kí n kọ ìtàn yìí. Wọ́n ń jáde ilé ìwé, wọ́n ń wo iṣẹ́ tí wọn yóò mú. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé, "Alhaji, iṣẹ́ ìdìbò tẹ́ ẹ ṣe yìí, ṣé iṣẹ́ náà ni? Ṣé kì í ṣe ọdún mẹ́rin mẹ́rin lẹ máa ń jí?" Mo rẹ́rìn-ín. Ohun tí gbogbo ayé rò nìyẹn. Wọn ò mọ̀ pé bí ìdìbò kan bá parí lónìí, òmíràn ti bẹ̀rẹ̀ lọ́la: orúkọ ẹni tó kú tí a ó yọ, ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dàgbà tí a ó kọ, ibi tí ọ̀nà ti bàjẹ́, ibi tí ewé ti dí omi.

Ilé kéú ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀wé. Lẹ́yìn náà ni bàbá mi, tó jẹ́ télọ̀, fi mí sí ilé ìwé àwọn Mùsùlùmí. Ìwé kíkọ mi dára, wọ́n wá akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìdìbò, wọ́n sì gbà mí. Owó rẹ̀ kò pọ̀, kò sì tó ohun tí èèyàn ń ròyìn. Ọ̀gá tí mo bá níbẹ̀ ni kí n sọ.

Ọ̀gá Odùkọ̀yà ni wọ́n ń pè é, ọmọ Ìkòròdú, onígbàgbọ́ tó máa ń gbàdúrà kí ó tó ṣí ilẹ̀kùn ọ́fíìsì. Òun ló ń bójú tó ètò ìdìbò ẹkùn wa. Ẹkùn ìdìbò ni ibi tí ọ̀pọ̀ ìlú ti jọ ń yan ẹnì kan ṣoṣo tí yóò lọ jókòó fún wọn ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìjọba àpapọ̀. Tiwa ní Ẹ̀pẹ́ ní ìgboro, ó ní oko, ó sì ní àwọn abúlé tó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi nìkan ló ń dé ibẹ̀. Ọ̀gá kò fi ọ̀kan ṣeré nínú wọn. Ó máa ń sọ pé, "Èsì tí kò bá dúró de ọkọ̀ omi, ìròyìn ni, kì í ṣe èsì."

Ó le. Ẹ̀kọ́ tó kọ́kọ́ kọ́ wa ni bí a ṣe ń ṣí àpótí ìdìbò, tí a ń dorí rẹ̀ kodò lójú gbogbo èèyàn kí wọ́n lè rí i pé òfìfo ni, tí a ó sì tì í pa, tí a ó fi ìda lẹ ẹnu rẹ̀. A máa ṣe é ní ọ́fíìsì, a máa ṣe é lábẹ́ igi, títí apá yóò fi máa ro wá. Bí o bá gbé àpótí kalẹ̀ láìgbọ̀n ọ́n, yóò ní kí o bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Tí ó bá bi ọ́ ní iye kan, tí o sì ní, "Ó dà bíi pé...", yóò na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn.

"Jáde. Lọ wá 'ó dà bíi pé' náà lọ síta. Tí o bá rí i, kí o wọlé."

Ṣùgbọ́n bí àkókò ìrun bá tó, òun fúnra rẹ̀ ni yóò pè mí. "Múdà, oòrùn ti yẹ̀. Lọ kírun, àpótí ò ní sá." Onígbàgbọ́ ni, èmi jẹ́ Mùsùlùmí, síbẹ̀ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ìbẹ̀rù Ọlọ́run a máa hàn nínú iṣẹ́ ọwọ́ ẹni.

Ọgbọ́n kan wà tó mú lọ́dọ̀ àwọn apẹja. Ẹ mọ̀ bí wọ́n ṣe máa ń so ohun tó ń léfòó mọ́ etí àwọ̀n kí wọ́n lè mọ ibi tó wà. Ọ̀gá ní kí a so kẹ́ẹ̀gì òfìfo mọ́ àpótí ìdìbò kọ̀ọ̀kan tó bá fẹ́ gun orí omi, kí okùn rẹ̀ gùn dáadáa, kí a sì so aṣọ pupa mọ́ ọwọ́ kẹ́ẹ̀gì náà. Bí ìdìbò bá ti ń bọ̀, yóò lọ yí gbogbo ebúté po, yóò sì bá àwọn apẹja sọ̀rọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: "Bí ẹ bá rí aṣọ pupa lójú omi, ẹ fi ẹja sílẹ̀, ẹ fi àwọ̀n sílẹ̀. Ohùn ìlú ni. Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé." Àwọn apẹja gbà á bí ìgbà tí èèyàn gba òfin. Àwọn ọmọ wọn pàápàá mọ̀ ọ́n.

Làsísì ni akẹgbẹ́ mi níbi iṣẹ́. Ọmọ Ebútẹ́ Àgbọn ni, abúlé kan lórí ọ̀sà tí ilé rẹ̀ kò pọ̀ ṣùgbọ́n tí ariwo rẹ̀ tó ti ìlú ńlá. Ìyá rẹ̀ ń yan ẹja, ó sì ń gbé e wá sí Ọjà Olúwo. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí ni Làsísì. Ó jẹ́ akọ̀wé bíi tèmi, ṣùgbọ́n bí a bá ti wọ ọkọ̀, òun ni yóò di ọ̀gá, nítorí inú omi ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Èmi ò mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́, kò sì jẹ́ kí n gbádùn.

"Ará Ẹ̀pẹ́ tí kò lè lúwẹ̀ẹ́. Bí ìyàwó bá gbọ́, ṣé yóò fẹ́ ọ?"

"Ọmọ télọ̀ ni mí. Abẹ́rẹ́ kì í lúwẹ̀ẹ́."

"Abẹ́rẹ́ a máa rì. Ìdí tí mo fi ń sọ fún ọ nìyẹn."

Nígbà náà, àpótí àwọn abúlé orí omi, Ẹ̀pẹ́ la máa ń gbé e wá kí a tó ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, ìdìbò sí ilé aṣòfin ti parí ní Ebútẹ́ Àgbọn, gbogbo abúlé ló dìbò, àwọn obìnrin sì ń kọrin sìn wá dé etí omi. Ìyá Làsísì kó ẹja yíyan fún wa. A wọ ọkọ̀ lọ́sàn-án, èmi, Làsísì, atukọ̀, àti àwọn akọ̀wé ìgboro mìíràn.

Ewé tó ń gba ojú omi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ̀ lórí ọ̀sà wa nígbà náà. Bí a ṣe dé àárín, ó wé mọ́ ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì sì kú. Làsísì wọ inú omi láti tú u. Ibi tó ti ń tú u ni ìjì ti gbéra. Ọkọ̀ yí dànù kí a tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Mo mu omi. Mo gbọ́ ohùn Làsísì létí mi, kò pariwo, bí ẹni tó ń pe èèyàn wá jẹun ni:

"Múdà, di kẹ́ẹ̀gì yìí mú. Má jà. Dì í mú."

Kẹ́ẹ̀gì àpótí ni. Mo dì í mú. Ìgbà ìkẹyìn tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nìyẹn.

Àwọn apẹja rí wa lókèèrè, wọ́n sì fi ipá wa ọkọ̀ wọn wá. Wọ́n ṣe ohun tí a kọ́ wọn. Aṣọ pupa ni wọ́n sáré tọ̀ lọ, wọ́n fa àpótí sókè, wọ́n sì fa èmi náà pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n kó àwọn akọ̀wé ìgboro tó di ara ọkọ̀ mú, torí gbogbo wọn mọ̀ pé ará ìgboro kì í mọ omi, atukọ̀ wa náà sì gun ọkọ̀ wọn. Nígbà tí mo bèèrè Làsísì, ọ̀kan nínú wọn dá mi lóhùn pé, "Làsísì kẹ̀? Fi Làsísì sílẹ̀. Ó ti lúwẹ̀ẹ́ délé nísinsìnyí." Kò sí ẹni tó wá a. Ta ni yóò máa wá ọmọ omi nínú omi? Ìgbà tí ọkọ̀ dé ebúté tí a kò bá a níbẹ̀ ni ojú wọn yí padà. Wọ́n padà lọ. Abẹ́ ewé náà ni wọ́n ti rí i, gbòǹgbò rẹ̀ ti wé mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

A sin ín gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wa ti wí, láìjáfara. Ọ̀gá Odùkọ̀yà dúró lẹ́yìn àwọn tó ń kírun sí i lára, ó di fìlà rẹ̀ mú ní ọwọ́ méjèèjì.

Àpótí tí a gbé jáde, omi ti wọ inú rẹ̀. Ìwé ìdìbò ti lẹ̀ pọ̀, àmì ìka àwọn èèyàn ti ṣàn wọ ara wọn, kò sì sí ẹni tó lè sọ ta ló yan ta. Wọ́n kéde èsì ẹkùn wa láìsí Ebútẹ́ Àgbọn nínú rẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹni tó wọlé àti ẹni tó tẹ̀lé e kò tó iye èèyàn abúlé náà. Bóyá kì bá yí padà, bóyá ì bá yí. Ọlọ́run nìkan ló mọ̀.

Ohun tó tẹ̀lé e ló ń dùn mí títí dòní. Ọ̀gá, ẹni tó ń sọ pé èsì gbọ́dọ̀ dúró de ọkọ̀ omi, kọ̀wé sókè pé kí wọ́n gbé ibùdó ìdìbò Ebútẹ́ Àgbọn wá sí ìgboro Ẹ̀pẹ́. Wọ́n fọwọ́ sí i kíá. Nígbà tí abúlé gbọ́, Ìyá Làsísì wá sí ọ́fíìsì. Aṣọ ọ̀fọ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Kò jókòó.

"Ọ̀gá, wọ́n ní ẹ ti gbé ìdìbò wa."

"Ìyá, nítorí ti Làsísì ni. Mi ò fẹ́ kí ọmọ ẹlòmíràn tún bá omi lọ."

"Ẹ ṣeun. Báwo la ó ṣe máa wá dìbò ní ìgboro?"

Ọ̀gá fa àga sún mọ́ ọn.

"Ṣé a ó fò ni? Ọkọ̀ kan náà la ó gùn, lórí omi kan náà. Àbí omi tó ń pa akọ̀wé, ṣé kì í pa aláìmọ̀wé ni?"

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́..."

"Ọmọ mi kú síbi tó ti ń gbé ohùn wa bọ̀. Ẹ sin ọmọ náà, mo gbà. Ẹ wá mú ohùn náà, ẹ sin ín tì í. Èmi ò ní dìbò ní Ẹ̀pẹ́ láé. Ọjọ́ tí ẹ bá dá a padà, ẹ pè mí."

Ó jáde. Ọ̀gá gbé orí lé tábìlì. Òun náà mọ̀ pé òótọ́ lobìnrin náà sọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti bà á, òótọ́ kì í sì í lé ẹ̀rù lọ. Kò pẹ́ tó fi fẹ̀yìn tì, tó padà sí Ìkòròdú. Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, mo lọ kí i. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Múdà, mo kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń gbé àpótí. Mi ò kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ka orí. Dá ibùdó yẹn padà fún ìyá yẹn." Mo ní, "Inṣà Allāhù, sà." Mo rò pé ohun tí n ó ṣe kíákíá ni.

Wọ́n gbé mi lọ sí Ìkòròdú láti ṣiṣẹ́, mo sì pẹ́ níbẹ̀. Iṣẹ́ ibẹ̀ yàtọ̀. Lẹ́bàá àwọn iléeṣẹ́ ńlá, àwọn òṣìṣẹ́ ń dé láti ibi gbogbo, orúkọ tuntun ń wọlé lójoojúmọ́, ìwé orúkọ olùdìbò sì ń nípọn sí i. Mo kọ́kọ́ rò pé bí orúkọ ṣe ń pọ̀ ni èèyàn yóò ṣe máa pọ̀ lọ́jọ́ ìdìbò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan ní Ìtamágà, a fẹ́ gbé tábìlì wa sí iwájú ṣọ́ọ̀bù obìnrin kan tó ń ta kùlà àti ìkòkò, ó sì jáde sí wa.

"Ẹ̀yin ará ìdìbò, ẹ tún ti dé. Ẹni tí ẹ yàn lọ́jọ́sí, mi ò fojú kàn án títí dòní."

Mo ní, "Màmá, àwa kọ́ la yàn án. Ẹ̀yin lẹ yàn án."

"Èmi kẹ̀? Ilé ni mo wà lọ́jọ́ yẹn, mo ń fọṣọ."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, n kò rẹ́rìn-ín mọ́. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, èèyàn a máa tò, àwọn tó ń du ipò a máa fà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́, ẹni tó wọlé àti ẹni tó jákulẹ̀ a sì máa wà nítòsí ara wọn nínú èsì. Nígbà tó yá, ẹni tó wọlé ń fi ọ̀nà jíjìn ta ẹni kejì yọ, àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ a sì máa jó. Bí a bá wá wo iye orúkọ tó wà nínú ìwé, a ó rí i pé ẹni tó jókòó sílé ló pọ̀ jù. Nínú gbogbo èsì tí mo bá wọn kọ, kò sí èyí tí wọ́n ní kí n kọ orúkọ ẹni tó jókòó sílé sí.

Irinṣẹ́ ń yí padà. Àpótí tí a kò lè rí inú rẹ̀ lọ, èyí tó mọ́ gaara dé. Wọn kò gbé àpótí kiri mọ́ kí wọ́n tó kà á. Ojú ibi tí wọ́n ti dìbò ni wọ́n ń kà á. Ẹ̀wù tó ń gbéni léfòó dé fún ẹni tó bá fẹ́ gun ọkọ̀ omi. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo wọ̀ ọ́, mo sunkún. Lẹ́yìn náà ni káàdì dé, àti ẹ̀rọ tó ń yẹ ìka wò. Wọ́n ti dá mi padà sí Ẹ̀pẹ́ nígbà náà. Àwọn obìnrin tó ń yan ẹja ní Ọjà Olúwo tẹ ìka mọ́ ẹ̀rọ yìí títí, kò dá wọn mọ̀. Iná àti ìpẹ́ ẹja ti bó àmì ìka wọn. Ọ̀kan nínú wọn wo ìka rẹ̀, ó wò mí.

"Alhaji, ó ní èmi kọ́?"

"Ẹ̀yin ni, Ìyá. Ẹ̀rọ ni kò mọ̀."

"Ẹ sọ fún un pé iṣẹ́ ni mo ṣe."

Èyí tó ń wo ojú èèyàn ni wọ́n wá gbé dé lẹ́yìn náà. Ìyẹn sàn.

Ní gbogbo àkókò yìí, kò sí ọ̀gá tuntun kan tó dé tí n kò lọ bá nítorí Ebútẹ́ Àgbọn. Èèyàn rere ló pọ̀ nínú wọn. "Lẹ́yìn ìdìbò yìí, Alhaji," ni wọ́n máa ń sọ. Ìdìbò náà yóò kọjá, wọn yóò gbé ọ̀gá náà lọ ibòmíràn, òmíràn yóò dé, èmi náà yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Omi ń ṣàn, ọjọ́ ń lọ. Àwọn tó mọ̀ mí ní abúlé náà ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí n fẹ̀yìn tì ni wọ́n gbà. Wọ́n dá ibùdó náà padà, wọ́n sì ní kí n lọ bójú tó o fúnra mi. Mo ránṣẹ́ sí Ìyá Làsísì ṣáájú kí ó lè forúkọ sílẹ̀, ó sì ṣe é. Lọ́jọ́ ìdìbò, mo wọ ẹ̀wù mi, mo gun ọkọ̀, mo ń ka Ayatul Kurisiyu inú Kùránì títí a fi dé. Ìyá ti wà níbẹ̀ ṣáájú wa, ó jókòó lórí àpótí ìjókòó pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ó ti darúgbó. Ẹ̀rọ wo ojú rẹ̀, ó dá a mọ̀. Ó tẹ̀ka, ó ju ìwé rẹ̀ sínú àpótí, ó sì tún padà jókòó.

A dúró de àwọn yòókù. Àwọn àgbà díẹ̀ wá. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin wà lábẹ́ igi àgbọn nítòsí, wọ́n ń ta káàdì. Mo lọ bá wọn.

"Ẹ ò wá dìbò?"

Ọ̀kan nínú wọn dìde fún mi, ó dọ̀bálẹ̀ dáadáa. "Alhaji, ẹ má bínú. A ò forúkọ sílẹ̀. A ò mọ̀ pé wọ́n máa ń dìbò níbí. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí wa, ìgboro ni wọ́n ti máa ń yan ẹni tó bá wù wọ́n."

Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Òótọ́ tó mọ̀ ló sọ. Ìran kan ti dàgbà láàárín ìgbà tí a gbé e lọ àti ìgbà tí a dá a padà.

Nígbà tí àkókò tó, mo ka ìwé ìdìbò náà sókè lójú gbogbo èèyàn. Kò gba àkókò rárá. Ìyá Làsísì gbé orí sókè.

"Ṣé ó ti tán?"

"Ó ti tán, Ìyá."

Ó fi ọ̀pá rẹ̀ tilẹ̀, mo ràn án lọ́wọ́, ó dìde, ó ń lọ sílé.

Mo fẹ̀yìn tì lẹ́yìn èyí. Láìpẹ́ yìí ni ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́ níṣẹ́ pè mí lórí fóònù, ó ní wọ́n ti tún ń sọ ọ́ ní ọ́fíìsì pé kí wọ́n da ibùdó Ebútẹ́ Àgbọn pọ̀ mọ́ ti ìgboro. Wọ́n ní èèyàn kéré níbẹ̀. N kò lè jẹun ọ̀sán. Mo lọ sí Ọjà Olúwo, níbi tí Ìyá Làsísì ti máa ń jókòó ti ọmọbìnrin àbúrò rẹ̀ tó ń bá a ta ẹja. Mo sọ fún un.

Ó ń yí ẹja lórí àtẹ. "Wọ́n ní èèyàn kéré?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Ta ló lé wọn?"

Ó yí ẹja mìíràn.

"Ṣé wọ́n ti gbé e lọ, àbí wọ́n fẹ́ gbé e lọ?"

"Wọ́n fẹ́ ni."

"Ó dáa. Ohun tí wọ́n fẹ́ gbé tí wọn ò tíì gbé, ilé ló ṣì wà." Ó nu ọwọ́ sára ìró. "Àwọn ọmọ tó ń ta káàdì yẹn, èmi ni mo gbẹ̀bí ọ̀pọ̀ nínú wọn. N ó kó wọn lọ forúkọ sílẹ̀, ì báà jẹ́ pé mo fi ọ̀pá yìí dà wọ́n. Ìwọ ńkọ́, kí lo fẹ́ ṣe?"

Mo ní, "Ìyá, mo ti fẹ̀yìn tì."

"Ẹnu rẹ náà ti fẹ̀yìn tì?"

Nítorí náà ni mo ṣe kọ èyí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń wá iṣẹ́, ọ́fíìsì yẹn nílò ẹni tí yóò jókòó síbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń sọ pé èèyàn kéré, tí yóò sì bèèrè ohun tí Ìyá Làsísì bèèrè. Èmi bèèrè pẹ̀lú sùúrù, sùúrù náà sì pọ̀ jù fún àwọn tí ikú ń dúró dè. Ẹ̀yin, ẹ tètè bèèrè.

Ìwọ tí o ka ọ̀rọ̀ àgbà yìí dé ìsàlẹ̀, kí Ọlọ́run ṣíjú àánú wò ọ́. Bí o bá wà lórí ilẹ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ má ṣe yẹ̀. Bí o bá wà lórí omi, kí o gúnlẹ̀ láyọ̀. Níbi tí wọ́n bá ti ń ka àwọn èèyàn, kí wọ́n kà ọ́ mọ́ wọn, àti ìwọ, àti àwọn ọmọ rẹ. Àmín.